Porsche 911 l'Ékòó: ká máa wà á ni, àbí ká fi aṣọ bò ó sílé?

Wíwà á ló ń ná ni lówó jù. Ìwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Bọ́ńpù tí Corolla gùn kọjá wẹ́rẹ́ á ha ìsàlẹ̀ tiyín gààràgà. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kẹ̀kẹ́ Marwa kan ṣoṣo ti tó láti họ ọ̀dà ara ọkọ̀ yín. Ìnṣúránsì third party, ₦15,000 láti 2023, kò sì kan ọkọ̀ tiyín. Ti ẹni tí ẹ kọlù ló wà fún.

Gbígbé e kalẹ̀ kò ní gosiló, àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Áláàmù rẹ̀ ń fa bátìrì bí ẹ tilẹ̀ pa á. Ṣájà tí ẹ máa fi gbé bátìrì ró ń fẹ́ iná NẸ́PÀ (ẹ mọ̀yẹn). Ibi tí taya bá dúró lé pẹ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Eku ń jẹ wáyà. Tí eruku bá wà lára ọkọ̀ kí ẹ tó bò ó, aṣọ yẹn náà á họ ọ́.

Ẹni tí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ tẹ́jú, tó ní ìnṣúránsì comprehensive (èyí tó kan ọkọ̀ tirẹ̀ náà), kó máa wà á láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí omi ń ya wọ àdúgbò rẹ̀ nígbà òjò, kó bò ó síbi tó ga, kó máa wà á yípo lóòrèkóòrè tílẹ̀ bá gbẹ.