Michigan, Wisconsin, Purdue tàbí Maryland: Àyẹ̀wò yunifásítì mẹ́rin láti ọwọ́ ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan

Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2025 fi parí, lẹ́tà ìgbàwọlé mẹ́rin tí a fẹ́ yàn nínú wọn ti wà lórí tábìlì oúnjẹ wa ní Bowie, ní ìpínlẹ̀ Maryland, àkọ́bí mi obìnrin sì ní títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún láti fún ọ̀kan lésì. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Yunifásítì Maryland tí ó wà ní College Park gbà á, ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ tiwa nìyẹn. Yunifásítì Michigan ní Ann Arbor, Yunifásítì Wisconsin ní Madison, àti Yunifásítì Purdue ní ìpínlẹ̀ Indiana náà gbà á. Ní mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí, àlejò láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni ọmọ mi, owó tí àlejò ń san kì í sì í ṣe owó tí onílé, ìyẹn ọmọ ìpínlẹ̀ náà, ń san. Mo kọ àyẹ̀wò yìí fún àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ wá bá, nítorí pé ohun tí mo fi oṣù kan gbáko wádìí kò sí nínú àwọn ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí owó náà fi yàtọ̀. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó orí àwọn ará ìpínlẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń gbé wọn ró, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dín owó kù fún ọmọ onílé, tí wọ́n sì ń bu èyí tí ó wúwo lé ọmọ tí òbí rẹ̀ kì í san owó orí níbẹ̀. Ní College Park, ọmọ Maryland ń san nǹkan bíi 12,000 dọ́là lọ́dún fún owó ẹ̀kọ́, àlejò sì ń san ohun tí ó lé ní 40,000, bẹ́ẹ̀ yàrá ìkàwé kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí. Àwọn àdéhùn kan wà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń mú ẹrù yìí fúyẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ní èyí tí wọ́n ń pè ní Academic Common Market, nínú èyí tí ọmọ lè san owó onílé ní ìpínlẹ̀ mìíràn bí ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kò bá sí ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú Western Undergraduate Exchange kì í gbà ju owó onílé kan àti ààbọ̀ lọ lọ́wọ́ ọmọ tí ètò náà bá kàn. Wisconsin àti Minnesota ti ń gba ọmọ ara wọn ní ẹ̀dínwó láti ọdún 1968. Kò sí ọ̀kan tí ó ṣe wá lóore: Maryland wà nínú àdéhùn gúúsù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfuurufú wà ní Maryland, àwọn mẹ́ta tí ó gba ọmọ mi kò sì sí ní gúúsù. Kí ọmọ tó kọ̀wé béèrè ààyè ni ó yẹ kí òbí ti wo àwọn àdéhùn wọ̀nyí, kì í ṣe lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti dé. Èmi kò wò ó lákòókò, ó sì dùn mí.

Bí ó bá jẹ́ ti orúkọ, Michigan ló ṣáájú. Ọdún 1817 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ogún ọdún kí Michigan fúnra rẹ̀ tó di ìpínlẹ̀. Láti ọdún 1914 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ó wọ ọkọ̀ Apollo 15 lọ sí òṣùpá ní ọdún 1971 sì ti kàwé ní ọgbà náà rí. Ní òde àríyá tí a lọ ní oṣù kẹrin, gbogbo ẹ̀gbọ́n tí a sọ ọ̀rọ̀ náà fún ni ó ní kí a má wulẹ̀ wo ibòmíràn mọ́. Mo lóye wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rin ìrìn àjò wá sí Amẹ́ríkà nítorí kí ọmọ wa lè wọ irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ nìkan fún àlejò ní Michigan lé ní 60,000 dọ́là lọ́dún, nígbà tí ọmọ onílé ń san nǹkan bíi 18,000, owó náà sì tún máa ń gòkè sí i nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ ọdún kẹta. Bí a bá fi ilé, oúnjẹ àti ìwé kún un, ó tó nǹkan bíi 80,000 dọ́là lọ́dún, ìyẹn ohun tí ó lé ní 300,000 dọ́là fún ọdún mẹ́rin. Ètò tí wọ́n ń pè ní Go Blue Guarantee, tí ó ń mú owó ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn àwọn ìdílé tí owó wọn kò pọ̀, ti ọmọ ìpínlẹ̀ Michigan nìkan ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, bàbá ọmọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn, a sì ní ọmọ méjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rò pé òun yóò yá ìyókù gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin wí. Ọmọ tí ó ṣì wà lábẹ́ òbí rẹ̀ kò lè yá ju 5,500 dọ́là lọ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, 6,500 ní ọdún kejì, àti 7,500 ní ọdún kẹta àti ìkẹrin, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27,000. Òbí ni gbogbo ìyókù wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2025 sì ti fi ààlà sí èyí tí òbí lè yá lọ́wọ́ ìjọba: láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2026, kò ní ju 20,000 dọ́là lọ lọ́dún àti 65,000 lápapọ̀ lórí ọmọ kan. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ iye Michigan, ẹ ó rí i pé ọwọ́ báǹkì aládàáni ni a ó ti parí rẹ̀, pẹ̀lú èlé tí báǹkì fúnra rẹ̀ bá fẹ́.

Ẹnì kan tí ó fẹ́ wa fẹ́re gbà wá nímọ̀ràn pé kí a lo àdírẹ́sì àbúrò bàbá ọmọ tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, kí a fi sọ ọmọ di onílé. N kò bínú sí i, ṣùgbọ́n mo bẹ yín, ẹ má ṣe é. Ibi tí òbí ń gbé ni wọ́n sábà máa ń wò fún ọmọ tí òbí ń bọ́, wọ́n a béèrè ìwé owó orí òbí, wọ́n a sì béèrè oṣù méjìlá tí ìdílé ti fi gbé níbẹ̀ fún ìdí mìíràn yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́. Irọ́ ni ohun tí ó bá yàtọ̀ sí èyí lórí ìwé ìjọba, ọmọ ni àṣírí rẹ̀ yóò sì tú mọ́ lórí nígbà tí ó bá ti ka ìwé dé ìdajì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó tún ń rò pé bí àwọn bá ti lo ọdún kan ní ìlú náà, àwọn yóò di onílé. Ọdún tí a lò nítorí ẹ̀kọ́ kì í sábà wọ inú ìṣirò náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ karùn-ún kan wà tí a tètè yọ kúrò, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ wú wa lórí nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ìrànlọ́wọ́ owó tí àwọn ṣe fún ọmọ wa lé ní 40,000 dọ́là. A dúpẹ́, a gbàdúrà lé e. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi ìka tọ́ka sí ìlà mẹ́ta nísàlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wo ibí yìí, gbèsè lèyí.” Ẹ̀bùn gidi inú rẹ̀ kò tó 6,000, gbogbo ìyókù jẹ́ owó tí èmi àti bàbá rẹ̀ yóò yá, wọ́n kàn kó o pọ̀ sábẹ́ àkọlé kan náà. Mo pe ọ́fíìsì wọn ní ìgbà mẹ́rin kí ẹnì kan tó gbé e. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ó jẹ́ yíyá, tí mo sì ń fi àwọ̀ ewé fa ti ẹ̀bùn, kí n tó fi iye kan wé òmíràn.

Wisconsin ni ó fà mí lọ́kàn jù ní tèmi. Láàárín adágún Mendota àti Monona ni ìlú Madison jókòó sí, ẹ̀ka kan sì wà ní yunifásítì yẹn tí ó ti ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ Áfíríkà láti ọdún 1964, tí èdè Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń kọ́. Ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́. Kí n ronú pé ọmọ tí a bí ní Maryland yóò jókòó nínú kíláàsì, tí yóò sì kọ́ àmì ohùn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìṣirò, omi bọ́ lójú mi. Síbẹ̀, owó ẹ̀kọ́ àlejò lé ní 40,000 dọ́là, ọmọ onílé ń san nǹkan bíi 12,000, wọn kò fún wa ní ẹ̀bùn kankan, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ gbogboogbò ni wọ́n sì gbà á fún, kì í ṣe ti ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ náà ni ó ní kí a fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbà.

N kò ní ẹ̀sùn kankan sí Maryland. Ihò afẹ́fẹ́ Glenn L. Martin tí wọ́n fi ń dán ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú wò wà níbẹ̀ láti ọdún 1949, adágún ńlá kan sì wà tí wọ́n ti ń fi omi dọ́gbọ́n bí ara ṣe máa ń fúyẹ́ lójú òfuurufú. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìn sí wa. Bí Purdue kò bá ṣe ohun tí ó ṣe, ibẹ̀ ni ọmọ mi ì bá wà lónìí.

Ohun tí Purdue ṣe ni pé kò fi owó kún owó. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti dá owó ẹ̀kọ́ dúró sójú kan: ní ọdún 2025 tí a ń yàn, ó ṣì jẹ́ 9,992 dọ́là fún ọmọ Indiana, 28,794 fún àlejò láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọmọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ a máa fi nǹkan bíi 2,000 kún un lọ́dún, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ èyí síta ketekete, nítorí pé ojú ìwé kejì ni mo ti rí i. Wọ́n fún ọmọ mi ní ẹ̀bùn 10,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, owó ẹ̀kọ́ Purdue fi nǹkan bíi 9,000 ju ti Maryland lọ lọ́dún, a sì ti pinnu pé inú ọgbà ni yóò máa gbé níbikíbi tí ó bá lọ. Iṣẹ́ àfikún mi ní òpin ọ̀sẹ̀ lè gbé ìyẹn.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí a ó fi san 36,000 lé e nígbà tí ilé wà. Mo wọ yunifásítì ní Nàìjíríà fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo lò nítorí ìyanṣẹ́lódì, bàbá mi kò sì mọ iye tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní sáà tí ó ń bọ̀. Mo rí i bí ó ṣe ta ilẹ̀ ní ìlàjì owó nítorí pé ọjọ́ ti pé lé e lórí. Fún èmi, kí ilé-ẹ̀kọ́ kan mú iye kan ṣoṣo dání fún ọdún méjìlá jẹ́ ohun tí mo lè fi ọkàn tẹ̀ lé.

A wakọ̀ lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹrin, ìrìn wákàtí mẹ́wàá ó lé, títí a fi dé West Lafayette lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Wabash. Ìlú kékeré ni, oko àgbàdo ló yí i ká, òtútù sì ṣì mú. Yunifásítì náà ní pápákọ̀ òfuurufú tirẹ̀ láti ọdún 1934. Amelia Earhart, obìnrin awakọ̀ òfuurufú tí ó lókìkí, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 1935, ó ń gba àwọn ọmọbìnrin nímọ̀ràn nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Neil Armstrong tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní ọdún 1969 àti Eugene Cernan tí ó kúrò lórí rẹ̀ kẹ́yìn ní ọdún 1972, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti gboyè. Ọmọ mi dúró síwájú ère Armstrong fún ìgbà pípẹ́, kò sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ sì rọra fi ọwọ́ tọ́ mi pé kí n má pè é.

Bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ ni kí n fún wọn, mo fún Purdue ní mẹ́rin àtààbọ̀ nínú márùn-ún: ààbọ̀ tí mo yọ wà fún owó ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi pamọ́ sí ojú ìwé kejì. Maryland gba mẹ́rin àtààbọ̀ pẹ̀lú. Wisconsin gba mẹ́rin. Michigan, márùn-ún fún ẹ̀kọ́, méjì fún bí ó ṣe ń bá àlejò lò lórí owó.

Oṣù kẹjọ ni a gbé e lọ sí Purdue, ó yá 5,500 tirẹ̀, àwa kò tíì yá kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ Yorùbá tí a fi sílẹ̀ ní Madison ni a ń ṣe lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú; lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ó kọ lẹ́tà ìlà mẹ́jọ sí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, àmì ohùn mẹ́ta péré ni mo bá a tún ṣe.