Igi ẹ̀gẹ́ wo ni kí n rà? TME 419, 30572, yẹ́lò àti àwọn tuntun 2020, fún ẹni tó ń dáko lágbègbè Òṣogbo

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà Ìlobùú, fóònù mi kì í sinmi mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, igi ẹ̀gẹ́ wo ni kí n rà?" Ẹni tó ń béèrè ti gba ilẹ̀ éékà kan lápá Òkinni tàbí Ìràgbìjí, ó ti san owó tirakítọ̀, igi ló kù. Èmi náà á bi í padà: "Kí lo fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ náà ṣe?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dákẹ́ sí.

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tà ló yẹ kó yan igi fún yín. Ẹni tó fẹ́ tà á fún àwọn ayangàrí ò gbọ́dọ̀ ra igi bíi ti ẹni tó fẹ́ máa sè é jẹ nílé, bẹ́ẹ̀ lẹni tó fẹ́ máa gé igi tà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fún ẹni tí kò ráyè kà á tán: tó bá jẹ́ gàrí tàbí fùfú, ẹ jẹ́ kí TME 419 pọ̀ jù lóko yín. Tó bá jẹ́ pé èpò ló máa ń borí yín, tówó alágbàro sì le, ẹ wo 30572. Ẹ gbin yẹ́lò, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n tó ní vítámín A, fún ilé yín àti fún oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ẹ kọ́kọ́ ra ìdì kan kan, kẹ́ ẹ fi dán ilẹ̀ yín wò.

419 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 30572

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé ìwádìí ló ṣẹ̀dá 419. Rárá o. TME tó ṣíwájú orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ọwọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Ilẹ̀ Tógò ló ti wá, Gbazekoute ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Àwọn olùwádìí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ó dáa, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún àgbẹ̀ Nàìjíríà ní 2005. 30572 ní tirẹ̀, TMS ló wà níwájú rẹ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n dà pọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, ló darí iṣẹ́ náà. Ó dé IITA ní 1971, lásìkò tí àrùn ń jẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa run, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì lo ẹ̀jẹ̀ ìbátan ẹ̀gẹ́ kan tó ń dàgbà di igi ńlá, kí ọmọ rẹ̀ lè lágbára sí àrùn mósáíkì. Ìkirè tiwa níbí ló ti joyè Séríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Ó dùn mọ́ mi nínú pé àgbẹ̀ ni wọ́n fi oyè dá lọ́lá, kì í ṣe olówó.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. 419 máa ń dúró ṣánṣán, kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ̀ka. Àgbàdo àti ẹ̀gúsí á rí oòrùn láàárín rẹ̀, ó sì rọrùn láti gba àárín ebè kọjá. 30572 ń pẹ̀ka, ewé rẹ̀ á sì bo ilẹ̀. Tó bá ti bo ilẹ̀ tán, èpò ò ní rójú oòrùn, owó ìroko á dín kù. Lóko 419, kí ewé tó padé, èpò ti lè ga dé orúnkún, torí náà ẹ ya owó ìroko sọ́tọ̀, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti jẹ́ kí èpò gba oṣù mẹ́ta yẹn mọ́ òun lọ́wọ́, kò sí irú igi tó máa gbà á.

Nítorí pé 419 gùn tó sì tọ́, igi tí wọ́n ń gé lóko rẹ̀ pọ̀. Ìdí kan rèé tí gbogbo ẹni tó ń ta igi fi ń pariwo 419. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa, àmọ́ ó dáa kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó gbè wọ́n náà.

Omi ni kókó ọ̀rọ̀. Ìyá tó ń yan gàrí fún mi ò ka nọ́ńbà kankan. Tí mo bá já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, á mú ọ̀kan, á ṣẹ́ ẹ sí méjì, á tẹ́tí sí bó ṣe dún, á sì fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó ti kán. Tó bá dún kó, tí ojú rẹ̀ funfun tó gbẹ, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí omi bá sun síta lábẹ́ ìka rẹ̀, á wò mí: "Bọ̀dá, omi lẹ gbé wá yìí o." Kí n tó dúnàá-dúrà ló ti gé owó.

Òun ló tọ̀nà. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan tó gbẹ dáadáa lè bọ́ sí nǹkan bíi 250 kílò gàrí, olómi lè má pé 200. Iye ẹni tó máa bó o kò dín, igi ìdáná kò dín, owó ẹ̀rọ kò dín. Nínú ohun tí 419 fi gbajúmọ̀, èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ó gbẹ. Kí ẹ sì rántí pé asìkò náà ń ṣe tirẹ̀. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gẹ́ á máa kó oúnjẹ inú ìdí rẹ̀ jáde láti fi rú ewé tuntun, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí olómi. Ẹ má fi ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ hú nínú oṣù kìíní bú èyí tẹ́ ẹ hú nínú oṣù karùn-ún.

Yẹ́lò

Ọdún 2011 ni wọ́n gbé mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà: 01/1368, 01/1412 àti 01/1371. Òmíràn tẹ̀lé wọn ní 2014, vítámín A tiwọn sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ fún ọmọ inú ilé, tiwọn ni kẹ́ ẹ béèrè. Kò sí ẹ̀jẹ̀ àjèjì tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún sí i gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ ní ọjà Ìgbọ̀nà, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi da ẹ̀gẹ́.

Àléébù rẹ̀ tí àwọn ayangàrí ti ń ráhùn lé lórí tipẹ́ ni pé ó máa ń lómi ju funfun lọ. Àwọn olùwádìí ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lórí kírómósómù kìíní ẹ̀gẹ́, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gbé àbùdá rẹ̀, apá tó ń mú inú rẹ̀ pọ́n àti apá tó ń darí bó ṣe ń kó sítáàṣì jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó ti ara wọn. Tí wọ́n bá fa ọ̀kan wá, èkejì á tẹ̀ lé e bí ìbejì. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ ni bí wọ́n ṣe máa ya wọ́n.

Ọjà ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá gbé gàrí yẹ́lò lọ sí Ọjà Ọba, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Epo lẹ fi sí i?" Gàrí funfun ni ojú wa mọ́ ní tiwa, ẹni tó sì fẹ́ràn mímu tútù pẹ̀lú ẹ̀pà kì í fẹ́ kó láwọ̀. Ẹ má sì tọ́jú u títí lọ nínú àpò. Bó ṣe ń pẹ́ ni vítámín yẹn ń ṣá, yíyan lórí iná gan-an ti mú díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Ebè bí ọgọ́rùn-ún fún ilé, ìyẹn dáa. Éékà odindi láìní oníbàárà lọ́wọ́? Èmi ò ní ṣe é.

Àwọn tuntun 2020

Márùn-ún ni wọ́n: Game Changer, Hope, Obasanjo-2, Baba-70 àti Poundable. IITA àti ilé ìwádìí NRCRI tó wà ní Umudike ló gbé wọn jáde ní oṣù kejìlá 2020. Wọ́n fún wọn lórúkọ tí ẹnu lè pè torí wọ́n rí i pé 01/1368 ò ṣeé rántí. Obasanjo-2, ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n fi sọrí. Poundable ni ti ẹni tó fẹ́ sè é, kó sì gún un bí iyán.

Ohun tó yàtọ̀ nínú wọn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà yàn wọ́n. Láti 2012 ni iṣẹ́ NextGen Cassava ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti gbin igi, kí wọ́n dúró di ọdún, kí wọ́n hú u, kí wọ́n tó mọ èyí tó dáa. Ní báyìí, wọ́n ń ka DNA ewé ọmọ igi nígbà tó ṣì kéré, wọ́n á sì fojú bu bí ìdí rẹ̀ á ṣe rí.

Èyí tó wù mí jù ni bí wọ́n ṣe ń dán ẹ̀gẹ́ wò lóko àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tricot. Oríṣi mẹ́ta péré ni wọ́n ń kó fún àgbẹ̀ kan, A, B, C, láìsọ orúkọ. Àgbẹ̀ á gbìn wọ́n, á hú wọn, wọ́n á fi ṣe gàrí, wọ́n á te ẹ̀bà rẹ̀ jẹ. Ìbéèrè wọn ò ju méjì lọ: èwo ló dáa jù, èwo ló burú jù? Àgbẹ̀ míì lọ́nà jíjìn ti gba mẹ́ta tó yàtọ̀. Wọ́n á wá da ìdáhùn gbogbo oko pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Irú ìdánwò báyìí ni ìyá tó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gẹ́ á ti lè sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rà á

Ìdì kan jẹ́ igi 50, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan. Tẹ́ ẹ bá gé e ní sẹ̀ǹtímítà 25, igi kan á di mẹ́rin, ìdì kan á di 200. Bẹ́ ẹ bá gbìn ín ní mítà kan sí mítà kan, éékà kan ń gba nǹkan bíi 4,000, ìyẹn ìdì 20. Tẹ́ ẹ bá fún un mọ́ra sí mítà kan sí 0.8, ẹ ra 25.

Mo ń sọ èyí torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún kan, mo ra ìdì 20 lọ́wọ́ ẹnì kan lójú ọ̀nà Ìkìrun. Alẹ́ ni kórópé gbé e dé, n ò tú u. Láàárọ̀ ni mo rí i pé igi ẹsẹ̀ bàtà méjì ni wọ́n dì, èyí tó gùn díẹ̀ ni wọ́n fi bo ìta. Igi kan ò ju gígé méjì lọ. Ìdajì éékà ló gbìn. Nígbà tó wá hù, "419" tí wọ́n tà fún mi, àwọn kan nínú rẹ̀ ti ń pẹ̀ka ní orúnkún. Ìdàlú ni.

Láti ìgbà náà, mo máa ń lọ wo oko kí wọ́n tó gé igi. Tí ewé bá ká kò, tó ní àbàwọ́n yẹ́lò bí ẹni ta àwọ̀ sí i, mósáíkì nìyẹn. Igi ọ̀hún gan-an ló ń gbé àrùn náà lọ sóko tuntun, eṣinṣin funfun kékeré á wá bá a tàn án. Nítorí èyí náà ni mo ṣe ń ṣọ́ra fún igi ìbílẹ̀, bí èyí tí wọ́n ń pè ní ọkọ-ìyàwó, tí aládùúgbò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi èékánná ha èèpo igi. Tí oje funfun bá sun jáde lójú ẹsẹ̀, ó wà láàyè. Tó bá pẹ́ kó tó yọ, tàbí tí abẹ́ èèpo ti di búráùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Igi tó dáa jù ti pé oṣù mẹ́jọ sí méjìlá lórí ilẹ̀, kì í ṣe orí rẹ̀ tó ṣì tutù.

Ẹni tó bá fẹ́ ìdánilójú orúkọ, kó lọ sí GoSeed, ẹ̀ka tó ń ta igi ní IITA, Ìbàdàn, tàbí kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ADP tiwa, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, tó wà ní Ìwó. Ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ iye ìdì kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n. Àwọn ọmọ igi inú ike tí wọ́n ń pè ní SAH, ẹni tó fẹ́ máa ta igi ló wà fún, wọ́n ń fẹ́ omi àti ìbòji kí wọ́n tó lè dá dúró, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin éékà kan ò nílò rẹ̀.

Ìdánwò ti ara yín ò le. Nínú ìdì 20 náà, ẹ ra 17 ní 419, ìdì kan Game Changer, ìdì kan Obasanjo-2, ìdì kan 30572. Ẹ gbin àwọn mẹ́ta yìí sí ẹ̀gbẹ́ 419 lórí ilẹ̀ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ fi igi gbọọrọ sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yin fúnra yín á gbàgbé tó bá fi máa di oṣù kẹfà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ hú ebè mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sì gbé e lọ bá ayangàrí láìsọ orúkọ fún un. Kí ó tó di ìgbà tẹ́ ẹ máa gbìn ín, ẹ na igi yín ró sábẹ́ igi tó ní ìbòji, kí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù, níbi tí ewúrẹ́ ò ti ní dé.