Kọ́tà OLFA, NT àti Tajima: èwo ló yẹ iṣẹ́ wo?

Ẹnu abẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lára kọ́tà, ìyẹn ọ̀bẹ tí a máa ń kán ṣóńṣó abẹ rẹ̀ bó bá ti kú, kí ẹ tó wo èkù rẹ̀. Ilẹ̀ Jàpáànì ni ilé iṣẹ́ OLFA, NT àti Tajima ti wá, abẹ wọn sì bá ara wọn mu ní oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ jù, ìyẹn èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 9 àti èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 18. Ẹ lè ki abẹ NT bọ èkù OLFA kí iṣẹ́ máa lọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni bí wọ́n ṣe pọ́n ẹnu abẹ, bí ìdè ṣe ń di abẹ mú, àti bí ọ̀nà tí abẹ ń gbà jáde ṣe fún un tó.

Yoshio Okada ló gbé irú ọ̀bẹ yìí jáde ní ìlú Osaka lọ́dún 1956. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ gé bébà, tí igun abẹ bá sì ti kú, dídànù ló kù. Ó mọ̀ pé àfọ́kù gíláàsì ni àwọn tó ń ṣe bàtà máa ń lò: bó bá ti kú, wọ́n á tún un fọ́ kí ẹnu tuntun yọ. Ó tún rántí ṣokoléètì àwọn sójà Amẹ́ríkà, tó ní ìlà tí wọ́n fi ń kán an. Ó so méjèèjì pọ̀ lójú abẹ kan. Láti ara “oru”, tó túmọ̀ sí kíkán, àti “ha”, tó túmọ̀ sí abẹ, ni orúkọ OLFA ti jáde. Wọ́n fi F rọ́pò H kí orúkọ náà lè rọrùn láti pè ní ilẹ̀ òkèèrè. Torí kí a lè máa kán an ni wọ́n ṣe ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ráhùn pé kọ́tà àwọn kò gé nǹkan ni kò kán oríkèé kan (ègé abẹ tó wà láàárín ìlà méjì) rí láti oṣù tí wọ́n ti rà á.

Abẹ mílímítà 9 nípọn tó mílímítà 0.38, ó sì ní oríkèé 13. Ti mílímítà 18 nípọn tó 0.5, oríkèé 8 ló ní. Oríṣi mílímítà 25 náà wà, tó nípọn tó 0.7, fún rọ́ọ̀gì tó le àti fóòmù tó ga. Nọ́ńbà yìí ló ń pinnu iṣẹ́ tí kálukú lè ṣe. Abẹ tó jẹ́ 0.38 máa ń tẹ̀ bí ẹ bá fi gé páálí onípele méjì: lójú òkè, ìlà yín gún régé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí páálí náà padà, ẹ óò rí i pé ìsàlẹ̀ ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀bi ọwọ́ yín kọ́. Abẹ ló tẹ̀. Ẹ mú ti 18, kí ẹ yọ ọ́ síta níwọ̀nba tí nǹkan náà nípọn, kí ẹ sì fà á lẹ́ẹ̀mẹta fẹ́ẹ́rẹ́ dípò ẹ̀ẹ̀kan tagbáratagbára.

Igun abẹ tó wọ́pọ̀ jẹ́ dígírì 59. OLFA àti NT tún ń ṣe abẹ mílímítà 9 tí igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 30, tó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń gé lẹ́tà sítíkà tàbí àwòrán kò gbọdọ̀ wà láìní í, nítorí ẹ óò máa rí ojú ìlà gan-an níbi tí abẹ bá kàn án. Kì í ṣe abẹ tí a fi ń ṣí páálí o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á kán, èyí tó kù á sì máa fa bébà ya.

Ní ti àwọ̀, abẹ dúdú OLFA àti Razar Black ti Tajima mú ju abẹ funfun lọ, nítorí wọ́n pọ́n ẹnu wọn tín-ín-rín sí i. Bébà ara ògiri tí gọ́ọ̀mù ti rin, tó máa ń ya lẹ́nu abẹ funfun, abẹ dúdú á gbà á já láìfà á. Ṣùgbọ́n ẹnu tó tín-ín-rín ni èérún ń tètè yọ lára rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ní ìṣó, píìnì tàbí símẹ́ǹtì nínú, abẹ funfun ni kí ẹ lò. Àti dúdú àti funfun, irin tó lè dógùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òróró pa á. Ẹ fi àkísà nù ún kí ẹ tó gé bébà funfun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà òróró á hàn létí bébà.

Ọ̀rọ̀ ìdè ló kàn. Oríṣi kan máa ń há fúnra rẹ̀: ẹ tì í, ó ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ dá ọwọ́ dúró, ó há. Ó yá fún ẹni tó ń yọ abẹ tó sì ń dá a padà ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ehín kékeré pẹ̀lú sípíríǹgì ló ń dì í mú, agbára tó pọ̀ lè mú kó fò láti ehín kan sí èkejì. Oríṣi kejì ní kókó tí a ń yí. OLFA L-1, mílímítà 18, ni àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀: bí ẹ bá ti yí kókó náà há, abẹ kì í padà sẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé ẹ ń fi í ha nǹkan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn gbàgbé láti yí i.

OLFA SVR-2 tẹ́ẹ́rẹ́, irin tí kì í dógùn-ún ni ara rẹ̀, mílímítà 9 ni abẹ rẹ̀, ìdè rẹ̀ sì ń há fúnra rẹ̀. Ó dára lápò, àmọ́ ó máa ń yọ̀ bí ọwọ́ bá làágùn. Níbi iṣẹ́ tó gba ìfarabalẹ̀, NT A-300 ni mo fẹ́ràn jù ú lọ, nítorí ó jókòó dáadáa láàárín ìka. Tajima Driver Cutter ní tirẹ̀ ní irin pẹlẹbẹ níwájú, tí ẹ lè fi ṣí agolo ọ̀dà tàbí kí ẹ fi yọ píìnì, kí ẹ má baà fi abẹ ṣe é. OLFA L-5 gbé irú irin bẹ́ẹ̀ sí ìdí èkù. Ti iwájú yá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé abẹ ti wọlé pátápátá kí ẹ tó lò ó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ oríkèé méjì síta, kí ẹ fi ìka mi ẹ̀yìn abẹ sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ nínú ihò rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí àwọn ayédèrú aláwọ̀ ìyeyè tó kún ọjà ti máa ń tú.

Bí ẹ bá fẹ́ kán abẹ, oríkèé kan ṣoṣo ni kó yọ síta, ìdè sì gbọ́dọ̀ há. Ìlà inú abẹ, apá kan ló wà. Ẹ kọ ojú ìlà náà sókè, kí ẹ fi ẹ̀mú di oríkèé náà mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, kí ojú ìlà lè là. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí apá tí ìlà wà, ó máa ń le, ó sì lè fò. Bí oríkèé mẹ́ta bá yọ síta, ó lè kán níbi tí ẹ kò rò. Ẹ wọ gíláàsì ojú, kí ẹ sì máa kó àwọn tó kán sínú ike olómọrí. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ á wọ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọdé.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, L-1 kan àti NT A-300 kan tó iṣẹ́ ṣe, kí owó tó kù lọ sórí páálí abẹ. Kí ẹni tó ń gé aṣọ má ra ìkankan nínú wọn: abẹ gbọọrọ máa ń fa òwú. Kọ́tà onírólà, tí abẹ rẹ̀ rí róbótó tó sì ń yí, tí OLFA gbé jáde lọ́dún 1979 ni kó wá, pẹ̀lú mátì rẹ̀ lábẹ́.