Fídíò sáyẹ́ǹsì fún ọmọdé, ọ̀dọ́ àti àgbà: èwo ló yẹ ká náwó lé?

Bí òbí bá fẹ́ ra fídíò sáyẹ́ǹsì fún ọmọ, bí àwòrán ṣe rẹwà tó ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Lọ́dún 2008, Derek Muller, tó padà dá Veritasium, ìkànnì fídíò sáyẹ́ǹsì lórí YouTube, sílẹ̀, parí ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wo fídíò físíìsì tó ń ṣàlàyé geere sọ pé ó yé àwọn, ṣùgbọ́n máàkì wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbéra. Àwọn tí fídíò tiwọn kọ́kọ́ gbé èrò òdì tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn jáde, tó sì já a kúlẹ̀, ní ọ̀rọ̀ náà rú àwọn lójú, síbẹ̀ àwọn ló ṣe dáadáa jù. Nítorí náà, kí n tó béèrè iye owó, mo máa ń béèrè pé: kí ni fídíò yìí ní kí ọmọ ṣe? Ṣé ó sì bá ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ mu?

Àwọn ọmọdé

Ọ̀fẹ́ ni SciShow Kids lórí YouTube. Jessi àti eku rẹ̀, Squeaks, ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ìbéèrè tí ọmọdé ń bi òbí náà ni wọ́n sì ń dáhùn. Owó ni wọ́n ń san fún Generation Genius ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè àti ohun tí ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ dán wò ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá wà nílé, mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn sanwó. Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ rà á, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe ka Khan Academy Kids mọ́ fídíò sáyẹ́ǹsì. Ó dára, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ń sọ, nítorí náà ẹ jókòó ti ọmọ, ẹ máa dá fídíò dúró, kí ẹ sì ṣàlàyé fún un ní Yorùbá. Kò ní ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn.

Àwọn ọ̀dọ́

Ibí ni owó ti ń jáde jù, torí WAEC àti JAMB. Sim Shagaya, tó dá Konga sílẹ̀, ló dá uLesson, áàpù tó ń fi fídíò kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́, sílẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ tiwa ló ń tẹ̀ lé. Nígbà tó jáde ní 2020, inú mẹ́mórì káàdì ni wọ́n ń kó ẹ̀kọ́ sí kí dátà má bàa jẹ òbí lówó. Khan Academy kì í gba kọ́bọ̀. Àlàyé rẹ̀ jinlẹ̀, ìdánrawò sì pọ̀ níbẹ̀, pàápàá fún ìṣirò inú kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé WAEC wà. Ọ̀fẹ́ náà ni Crash Course, àmọ́ wọ́n ń yára sọ̀rọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún àtúnyẹ̀wò nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó tó owó rẹ̀, ẹ wá ẹ̀kọ́ titration (bí wọ́n ṣe ń da ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú álíkálì láti mọ bí ó ṣe lágbára tó) nínú èyí tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Omi inú burette, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì náà, máa ń tẹ̀ kòtò láàárín: ṣé kámẹ́rà wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ìsàlẹ̀ kòtò náà, kí ọmọ lè rí bí wọ́n ṣe ń ka 21.50, àbí wọ́n kàn yàwòrán rẹ̀? Bí methyl orange, èròjà tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà, bá wà nínú ìgò álíkálì, àwọ̀ ìyeyè ni yóò wà títí di ẹ̀kán ásíìdì kan ṣoṣo tí yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ọsàn. Ṣé wọ́n rọra fi ẹ̀kán náà hàn, àbí wọ́n gé e kúrò? Ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní láábù nílò kó fojú rí i dáadáa kó tó wọ ìdánwò. Èyí tó bá fò ó, ẹ má sanwó fún un.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Ìlú Ọba kò nílò èyíkéyìí nínú wọn ná. BBC Bitesize, tó ti wà láti 1998, bá GCSE, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, mu, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn àgbà

Kurzgesagt, láti Munich ní Jámánì, ń fi àwòrán ṣàlàyé àìsàn, ìràwọ̀ àti ìpìlẹ̀ ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fíìmù gígùn ló yẹ kó sanwó fún Curiosity Stream, èyí tí John Hendricks tó dá Discovery Channel sílẹ̀ gbé jáde ní 2015.

Èyí tó wù kí ẹ mú, oṣù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ san, ẹ sì pa ibi tí wọ́n ti lè máa fa owó yọ fúnra wọn. Nínú ètò fídíò, ẹ fi bí àwòrán ṣe mọ́ sí (quality) sí 360p. Dátà tó ń jẹ kéré púpọ̀ sí ti 1080p, ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó sì máa ń hàn lórí fóònù.