Ayédèrú aago mẹ́ta, ọdún mẹ́ta: èyí tó gba àtúnṣe àti èyí tí kò gbà á

Ojúde Ọba ọdún 2022 ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ yìí. Kòrónà ti gba ọdún méjì mọ́ wa lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n sì ní àwọn máa tún un ṣe, kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde bákan ṣá n'Íjẹ̀bú-Òde. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ti dá aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó ku ohun tí a máa dè mọ́wọ́. Owó ojúlówó Rolex á ra pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan nílùú wa. Ni mo bá lọ sí Èkó, mo ra ayédèrú mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ayédèrú ni. Ẹni tó tà á fún mi kò purọ́. Àwọn àgbà kan ṣì máa ń pe ohun tí kì í ṣe ojúlówó ní "Ìjẹ̀bú", látorí owó ayédèrú tí wọ́n ń rọ níbí láyé ìjọba òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, ó sì wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń sanwó.

Tèmi jẹ́ aláwọ̀ góòlù, oníbátìrì, ₦15,000. Méjì tó kù jẹ́ ti ọkọ mi. Ọ̀kan tóbi, oníbátìrì ni, ó ní ojú kéékèèké mẹ́ta nínú, ₦18,000. Ìkejì jẹ́ onírin funfun, olójú dúdú. Kì í lo bátìrì, ọwọ́ tí èèyàn ń jù ló ń fún un lágbára. ₦60,000 ni mo ra ìyẹn.

Olójú mẹ́ta ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn ojú kéékèèké yẹn kò ṣiṣẹ́ kankan, ẹwà lásán ni wọ́n fi wọ́n ṣe. Bátìrì rẹ̀ kú lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, a sì gbàgbé òkú bátìrì náà sínú rẹ̀. Nígbà tí a máa ṣí i, omi bátìrì ti jò, ó ti gbẹ bí iyọ̀ sára ẹ́ńjìnnì, ó sì ti jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì tó bá ti kú, ẹ tètè yọ ọ́, ì báà jẹ́ nínú ojúlówó. ₦6,000 ni wọ́n ní kí n fi pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. N kò san án.

Tèmi ló yà mí lẹ́nu. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí góòlù rẹ̀ ti ń ṣí, láti ẹ̀yìn àti ibi tí a ti ń dè é, níbi tí òógùn máa ń dúró sí. Ó wá ń yọ àwọ̀ ewé sí mi lọ́rùn ọwọ́, ara sì ń yún mi. Síbẹ̀, aago náà kò fi ìṣẹ́jú kan ṣìnà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i láti pààrọ̀ bátìrì ni mo rí Miyota lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Citizen ti Jàpáàn ló ni Miyota. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pààrọ̀ bátìrì ní ọdún mẹ́ta. Ara rẹ̀ ló kú, ẹ̀mí rẹ̀ wà níbẹ̀.

Aago ₦60,000 ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Láàárọ̀ Ojúde Ọba ọdún 2024, ọkọ mi ti wọṣọ tán, aago ọwọ́ rẹ̀ ń sọ pé mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù mi ń sọ pé mẹ́jọ ààbọ̀ ti kọjá. Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé e lọ bá bàbá tó ń tún aago ṣe l'Ókè-Ajé. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kí n wá wò ó. Irin pẹlẹbẹ tó rí bí ìlàjì òṣùpá, tó ń yí nínú rẹ̀, ti ń ha ara ẹ́ńjìnnì. Lẹ́búlẹ́bú irin dúdú wà ní gbogbo kọ̀rọ̀.

"Wo ibi tó yẹ kí epo wà, ọmọ mi. Ó gbẹ fúrúfúrú."

"Bàbá, ṣé ó tọ́ kí n tún un ṣe?"

"Mo lè fọ̀ ọ́, kí n ta epo sí i, ₦12,000. Àmọ́ bí nǹkan bá ṣẹ́ nínú ẹ̀, mi ò níbi tí mo ti máa rà á."

Mo san án. Wọ́n tú u palẹ̀ sórí bébà funfun, wọ́n fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n wá ń fi orí abẹ́rẹ́ kan epo sí i díẹ̀díẹ̀, epo tó kéré débi pé ojú mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Fún oṣù méje ó ṣiṣẹ́ dáadáa, kì í sáré ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ lóòjọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọkọ mi yí ọjọ́ inú rẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru, eyín tó ń yí ọjọ́ ti wọnú ara wọn. Ẹni tó bá fipá yí i lásìkò yẹn lè ṣẹ́ ẹ. Ó ṣẹ́ ẹ. Bàbá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: kò sí èyí tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n wá bi mí bóyá a ní Citizen àtijọ́ nílé. Ti bàbá mi ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ara rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ́ńjìnnì Ṣáínà tó wà nínú aago ọkọ mi, àwòkọ ẹ́ńjìnnì Miyota ni, Miyota àti Citizen sì rèé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì bàbá mi, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé e síbẹ̀, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. ₦10,000 ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ẹ bá mi ṣírò aago ₦60,000 yìí pẹ̀lú àtúnṣe méjèèjì: ₦82,000 lápapọ̀. Tòkunbọ̀ Seiko 5, ojúlówó aago Jàpáàn, tí bàbá yẹn ń tà ní 2022 kò tó ìdajì rẹ̀, gbogbo atúnaagoṣe ló sì mọ inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ayédèrú lẹ ti ní, ẹ ní kí wọ́n ṣí i kí ẹ tó náwó sí i. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá lórúkọ tàbí tó ní ẹbí, ẹ fọ̀ ọ́ kó tó dúró, ẹ má dúró dìgbà tí irin bá ń jẹ irin. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dínà omi pẹ̀lú. 300m tí wọ́n kọ sójú tiwa, bí ẹni pé omi tó jìn tó ọ̀ọ́dúnrún mítà kò lè wọ̀ ọ́, ìkọ̀wé lásán ni. Omi ìwẹ̀ lásán ti fi ìrì sínú gíláàsì rẹ̀ rí. Bí kò bá lórúkọ, tí kò lẹ́bí, ẹ lò ó títí yóò fi dákẹ́.

Ọkọ mi dè é jáde láàárọ̀ yìí. Mo gbé e sétí kó tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ìró mẹ́fà ló ń dún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró tí mo máa ń gbọ́ nígbà tí bàbá mi bá gbé mi lé itan, tí wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá mi mọ́ra.