Obìnrin tó bá wa ṣírò owó gààrí: mo fún un ní ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ òótọ́, nígbà tí wọ́n ní ká dáwó jọ ká pe àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti ọrọ̀ ajé wá, èmi ni mo pariwo jù nípàdé. Mo ní kí là ń sanwó gírámà fún? Ṣebí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Àwọn kan wá láti ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ya fótò wa títí, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń tẹ omi ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, kò pé oṣù 4 ó dákẹ́, kò sẹ́ni tó ní páàtì ẹ̀ ní gbogbo Àkúrẹ́. Adìẹ ló ń yé sínú ẹ̀ báyìí.

Èyí tó wá yìí ò gbé nǹkankan dání o. Ìwé àti bírò ló mú wá síbi tá a ti ń yan gààrí lọ́nà Ọ̀dà, ó fa àpótí, ó jókòó tì wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, èéfín ń yọ omi lójú ẹ̀, ó kàn ń bi wá ní ìbéèrè ṣáá bí ọlọ́pàá. Èló lẹ ra ẹ̀gẹ́? Èló lẹ san fún ọkọ̀ tó kó o wá? Àwọn tó bó o ńkọ́? Igi ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín tẹ́ ẹ ń yan án láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èló lẹ san fún ara yín? Gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári. Ìyá àgbà wa kan ní ṣé ara òun lòun tún máa sanwó fún ni, a rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tó ṣírò ẹ̀ tán lójú wa ẹ̀rín tán, torí gààrí tá à ń yan nígbà òjò, igi ló ń jẹ èrè ẹ̀, igi tútù tí kì í jó, àwa náà á sì máa rà á kún un, a ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Ó tún tẹ̀lé wa dé ọjà Ìṣìkàn. Kóńgò táwọn aláròóbọ̀ fi ń rà lọ́wọ́ wa, wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ síta, èyí tí wọ́n fi ń tà fún oníbàárà ò rí bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ̀ tẹ́lẹ̀ o, kò kàn sẹ́ni tó lè dá sọ̀rọ̀. Ó ní ká jọ tà, ká ní kóńgò tiwa, ká lọ forúkọ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù sílẹ̀, pé èèyàn 10 péré lòfin ní kó pé. A jẹ́ 14. Òun ló bá wa kọ fọ́ọ̀mù ọ̀hún.

Ti ẹ̀gẹ́ fúnra ẹ̀ ńkọ́, ẹ mọ̀ pé tó bá ti kúrò nílẹ̀, ọjọ́ 2 sí 3 ó ti ń dúdú nínú, ó wá bá wa àtàwọn àgbẹ̀ pín ọjọ́ tí kálukú á máa wú tiẹ̀. Àti èèpo tá à ń dà nù! Àwọn ILRI, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, tó wà n'Íbàdàn ti rí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ ọ́, tí wọ́n á tẹ omi ẹ̀, tí wọ́n á sá a kó di oúnjẹ ẹran, tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù á di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, a ò níbi tá a máa sá a sí.

Ibi tó ti ṣìnà rèé. Gbogbo ìpínlẹ̀ Òǹdó ló ń bá ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn olóko kòkó n'Ídànrè àti Ilé-Olújì, lọ́dọ̀ àwọn apẹja n'Ígbókòdá, ó ní iṣẹ́ òun ni kóun mọ ohun tó pọ̀ níbì kan àti ẹni tó ń wá a níbòmíì. Ó dáa. Ló bá ní ká máa ṣe púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ táwọn Ìlàjẹ fúnra wọn mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ká lọ tà á fáwọn Ìlàjẹ. Ẹ gbà mí o, ará Àkúrẹ́ tó fẹ́ lọ ta púpurú fún Ìlàjẹ! A ní kó fi gààrí sílẹ̀ fún wa jàre.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ìwé tó kọ lẹ́yìn iṣẹ́ ló fà á, òyìnbó látòkèdélẹ̀, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì FUTA ló jókòó kà á fún wa fún alẹ́ 2. Ó sì máa ń pẹ́, tó bá ní aago 9 ẹ ṣì lè lọ wẹ̀.

Owó ẹ̀ ò kéré, àmọ́ ó gbà ká san án díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ tètè pè é kójò tó dé torí kì í wọ ọ̀nà ẹrẹ̀, ẹ lè sọ pé àwa oní-gààrí ọ̀nà Ọ̀dà la ní kẹ́ ẹ wá, kò ní torí ẹ̀ yọ kọ́bọ̀ kan fún yín ṣá o.