Bainókúlà 8×42 mi nínú ọyẹ́: ọjọ́ kan gbáko ní àkùrọ̀ Ọ̀wẹnà

Oṣù mẹ́rin ni mo fi tu owó jọ kí n tó ra bainókúlà yìí, awò olójú méjì tí a fi ń wo ohun tó jìnnà. Àlòkù ni, ₦85,000, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àkúrẹ́. Mo ti pinnu pé n kò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ àfi tí mo bá gbé e lọ síbi tí ẹyẹ pọ̀ sí, tí mo sì lò ó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Inú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ọyẹ́ ń mú débi pé ètè ń là. Èmi àti àbúrò mi gun ọ̀kadà ní aago márùn-ún ààbọ̀, a forí lé ọ̀nà Oǹdó, ó di àkùrọ̀ tó wà létí odò Ọ̀wẹnà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹyẹ, ìgbà ọyẹ́ ni kó jáde. Omi ti gbẹ níbi púpọ̀, ìwọ̀nba àbàtà tó kù ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ, àwọn tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù náà á sì ti dé bá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà 8×42 tó wà lára bainókúlà yìí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ. 8 túmọ̀ sí pé ẹyẹ tó wà ní 80 mítà á dà bí ẹni pé 10 mítà péré ló jìnnà sí yín. 42 ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà. Tí ẹ bá fi 8 pín 42, ẹ ó rí 5.25. Bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ẹyinjú yín ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Èyí kékeré tí wọ́n ń kì bọ àpò, 8×21, ìdajì rẹ̀ ló ní. Lọ́sàn-án gangan ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nínú kùrukùru, ohun tí ojú lásán ń pè ní kùkùté ni mo rí tó yí ọrùn padà, tó ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe.

Òǹtajà fẹ́ kí n mú 20×50: “Ẹ̀gbọ́n, èyí ń fa nǹkan mọ́ra jùyẹn lọ.” Mo dán an wò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gbogbo lẹ́tà ara bílíbọ́ọ̀dù tó wà lódìkejì ń jó. Bó ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá náà ló ń sọ ọwọ́ gbígbọ̀n di ńlá. Ẹ má rà á.

Ẹyẹ funfun kan dúró nínú omi, àbúrò mi ní lékeléke ni. Láti kékeré tá a ti ń na èékánná sí lékeléke pé kó fún wa ní funfun, gbogbo ẹyẹ funfun ló ti di lékeléke lójú wa. Mo gbé bainókúlà sójú. Ẹnu rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Nígbà tó yọ ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ ìka rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń ru ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè sá jáde. Mọ̀lẹ́bí lékeléke ni, ẹyẹ ọ̀tọ̀ sì ni.

Lórí wáyà iná, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tò. Mo rí ọ̀fun wọn tó pupa rúsúrúsú, àti ọ̀já dúdú tó yí àyà wọn ká. Ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, tí kò tó ìdajì ẹyin adìẹ, ló fò kọjá aginjù Sàhárà wá bá wa. N kò lè gbé ojú kúrò.

A ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí màmá kan tó ń já tẹ̀tẹ̀ fi nàró. Mo kí wọn: “Àrokobọ́dúndé o, Màámi!” Wọ́n ní àṣẹ, àmọ́ ojú wọn ò kúrò lára nǹkan tó wà lọ́rùn mi. “Ṣé ẹ tún fẹ́ wọn ilẹ̀ ni?”

“Rárá o, Màámi. Ẹyẹ la wá wò.”

“Ẹyẹ kẹ̀? Ẹ̀gà tó ń jẹ mí lágbàdo rèé, ẹ kó wọn lọ.”

Mo fi okùn bainókúlà kọ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní ó ṣókùnkùn. Mo sún ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ra díẹ̀, torí ojú ènìyàn kò jìnnà síra bákan náà. Wọ́n dákẹ́ lójijì. “Yé! Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata! Gbogbo ọdún tí mo ti ń lé wọn, n ò mọ̀ pé ojú ẹ̀gà pupa.” Wọn ò dá a padà kíákíá, inú mi sì dùn sí i ju gbogbo ohun tí mo rí lọ. Nígbà tá à ń lọ, wọ́n di tẹ̀tẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo gíláàsì bíi tèmi, rọ́bà ojú bainókúlà yìí ṣeé ká wálẹ̀. Ẹ ò ní bọ́ gíláàsì. Eruku ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Iyanrìn wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi etí aṣọ nù ún, dígí á ha. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun ọmọdé nímú, tó wà ní kẹ́mísìtì, ni mo fi ń fẹ́ eruku kúrò kí n tó fọwọ́ kàn án.

Mo fún bainókúlà yìí ní máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún. Òrùka ojú ọ̀tún, èyí tá a fi ń mú ojú méjèèjì dọ́gba, ló gba ìkarùn-ún. Ó dẹ̀. Bí ọ̀kadà bá ti mì, ó ti yí nìyẹn, gbogbo nǹkan á rí bàìbàì. Bí mo ṣe pàdánù ẹyẹ apẹja kékeré kan nìyẹn, aláwọ̀ búlúù, ẹlẹ́nu pupa, lórí igi ọgbà: kí n tó yí òrùka padà, ó ti lọ. Ó dùn mí gan-an. Òǹtajà ní wọn kì í dá àlòkù padà. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì funfun sàmì síbi tó bá ojú mi mu, mo sì fi téèpù dúdú dì í. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé e mì dáadáa, kẹ́ ẹ wò ó bóyá òrùka yẹn kúrò lójú kan.